Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Wa Méjì Kọlu Ara Wọn Ní Kwali

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti rí mọ́tò asáré lórí fóònù, ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń bú bí ẹkùn tí ebi ń pa, ọkàn yín sì ti fò lọ síbẹ̀. Mi ò ní bá yín jà. Èmi náà fẹ́ràn ìró yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ mekáníìkì, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ ni mo sì lò nídìí mọ́tò asáré nílùú Àbújá yìí. Mùfútáù lorúkọ mi, ọmọ Ìwó ni mí, ṣùgbọ́n ní Jikwoyi tí mò ń gbé, Bàbá Kúdí ni wọ́n ń pè mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí kí ẹ tó pinnu. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùráímọ̀. Ọ̀gá mi kì í na ọmọ iṣẹ́, wọn kì í sì í pariwo. Ohùn wọn kéré débi pé bí wọ́n bá ń bá ọ wí, o ní láti tẹ̀ síwájú kí o tó gbọ́ ọ. Bóyá ìdí nìyẹn tá a fi bẹ̀rù wọn ju àwọn ọ̀gá tó ń fi bẹ́líìtì lé ọmọ ká títì lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, sípánà nìkan ni mò ń fọ̀. Màá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, màá nù ún gbẹ, màá tò ó bí eyín. Nígbà mìíràn Ọ̀gá á fi àkísà dì mí lójú, wọ́n á gbé sípánà kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Èwo nìyí?" Bí mo bá pè é ní mẹ́tàlá, tó sì jẹ́ mẹ́rìnlá ni, ó di ọ̀sẹ̀ kan sí i nídìí kẹrosíìnì nìyẹn.

Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bíréèkì títí di ọdún kẹta. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, á dúró sójú kan. Bíréèkì tó bá kú, kò ní dúró." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá bíréèkì ṣe, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ọkọ̀ olùkọ́ kan ni. Mo pààrọ̀ páàdì iwájú, mo fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, inú mi dùn, mo sì pariwo bí àwa mekáníìkì ṣe máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí pé, "Ọ̀gá, ó ti dé!" Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ wò. Olùkọ́ náà ti jókòó sídìí ọkọ̀, ìyàwó ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn. Ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́ dání, wọ́n wò mí.

"Mùfútáù, ṣé kí wọ́n máa lọ?"

Mo wo sípánà tó wà lọ́wọ́ mi. 

"Èèyàn ló jókòó síbí yìí o, kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì. Mo ní ṣé kí wọ́n máa lọ?"

Mo wo ọmọ tó kéré jù lẹ́yìn ọkọ̀, ó fi imú tẹ gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bí ẹkún ṣe gbé mi nìyẹn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ná." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo tún un tò, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ mi dára. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọ̀gá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó dára. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí o lọ fọwọ́. Ẹ̀rù tó bà ọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Má jẹ́ kó tán lára ẹ. Ọjọ́ tó bá tán, fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Bí mo ṣe gba ìyọ̀ǹda àti bí mo ṣe dé Àbújá, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò gùn. Ìbátan mi kan tó ń bá wọn kọ́lé ní Gwarinpa, nígbà tí erùpẹ̀ pupa ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ, ló ní kí n máa bọ̀. Mo wá, mo ríṣẹ́, mo dúró.

Ohun tó ṣòro ni bí iṣẹ́ ṣe ń yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, etí ni a fi ń ṣe àyẹ̀wò. Màá gbé orí sípánà gígùn lé ẹ́ńjìnnì, màá gbé etí lé ìdí ẹ̀, màá sì mọ ibi tó ti ń kérora. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ kan dé tó jẹ́ pé bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, ike dúdú nìkan lo máa rí. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní síkánà ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí pé ayé ti ń pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi.

Alhaji ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi. Ọmọ Ìlọrin ni, agbaṣẹ́ṣe, ó sì fẹ́ràn eré ìje mọ́tò ju oúnjẹ lọ. Mo ti ń tún ọkọ̀ ilé ẹ̀ ṣe fún ọdún mélòó kan kó tó ra mọ́tò asáré méjì, tó sì ní kí n wá máa ṣe olórí mekáníìkì wọn. Ó tún gba ọmọbìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Hauwa, tó ń gbé kọ̀ǹpútà káàkiri bí ẹni gbé ọmọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti gbé sípánà lé ẹ́ńjìnnì, mo fẹ́ gbé etí lé e, Hauwa rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, sànnu, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀."

Ó ki wáyà bọ ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà sì tú jáde lójú kọ̀ǹpútà bí kòkòrò. Mo bí irú ẹ̀ lọ́mọ, ó tiẹ̀ kéré sí Kúdí ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, ó kọ́ mi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Èmi náà kọ́ ọ ní tèmi, torí mo tètè rí i pé síkánà mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Kì í rí róbà tó ń gbó. Ojú àti ọwọ́ ló ń rí ìyẹn.

Awakọ̀ méjì la ní. Ẹni àkọ́kọ́ ni Ráṣídì, ọmọ àdúgbò mi ní Jikwoyi. Takisí ló ń wà lójú ọ̀nà Nyanya kí Alhaji tó wọ ọkọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ìdarí ọkọ̀ bí ẹni pé ó ń sùn, ọkọ̀ sì ń kọjá láàárín ọkọ̀ bí omi láàárín òkúta. Alhaji ò jẹ́ kó padà sídìí takisí mọ́. Ẹnì kejì ni Fẹ́mi. Gwarinpa ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ará Èkìtì ni àwọn òbí ẹ̀, bàbá ẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Fẹ́mi ti kọ́ eré ìje lókè òkun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó níwà ni, kò sí àárọ̀ tí kì í tẹríba kí mi pé, "Good morning, Bàbá Kúdí, sà."

Àwàdà ni ìjà wọn fi bẹ̀rẹ̀. Fẹ́mi á rí Ráṣídì tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo títì, á ní, "Ráṣídì still dey find passenger." A ó rẹ́rìn-ín, Ráṣídì náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Ráṣídì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Tí Fẹ́mi bá gbapò kìíní, Ráṣídì á ní wọ́n fún un ní táyà tó dára jù. Tó bá jẹ́ Ráṣídì ló gbà á, Fẹ́mi á ní kò mọ òfin, agídí ló fi ń wakọ̀. Wọn ò jẹun pọ̀ mọ́. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jáde. Mo tọ Alhaji lọ.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ìjà àwọn ọmọ yìí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí."

Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Bàbá Kúdí, ìjà yẹn ló ń mú wọn sáré. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, mo mọ òwe yẹn dáadáa, síbẹ̀ mo fi wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́bàá Kwali ni wọ́n ti ń ṣe eré ìje náà, lórí ọ̀nà yíyípo kan tí àwọn olówó kan da ọ̀dà sí nínú pápá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gun ọ̀kadà wá láti àwọn abúlé, àwọn amọ̀kòkò á gbé ìkòkò wọn wá tà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ olówó á wá láti ìgboro. Ní ọ̀sẹ̀ eré tí mò ń sọ yìí, mo béèrè fún róbà bíréèkì tuntun fún ọkọ̀ méjèèjì. Róbà yìí ló ń gbé òróró bíréèkì dé ẹsẹ̀ táyà. Bó bá já, awakọ̀ á kàn máa tẹ afẹ́fẹ́ ni. Ti ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dé. Alhaji ní kí n fi sí ọkọ̀ Fẹ́mi, torí Fẹ́mi ló ń ṣíwájú nínú àpapọ̀ máàkì ọdún yẹn. Mo fi sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò winniwinni rọ̀. Alhaji kó àwọn méjèèjì jọ sábẹ́ àgọ́, ó ní, "Bó bá ku ìyípo márùn-ún, ẹni tó bá wà níwájú nínú yín, kí ẹnì kejì má yọ ọ́ lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ méjèèjì délé." Fẹ́mi mi orí pé òun gbọ́. Ráṣídì ń wo ilẹ̀.

Mo lọ yẹ ọkọ̀ Ráṣídì wò fún ìgbà ìkẹyìn. Mo ki ọwọ́ sẹ́yìn táyà iwájú lápá òsì, mo fọwọ́ ra róbà àtijọ́ yẹn, ìka mi sì kan ohun tútù kan tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Ó lè jẹ́ òjò. Ó lè jẹ́ òróró. Mo gbóòórùn ẹ̀, ṣùgbọ́n òróró ti wà lọ́wọ́ mi látàárọ̀, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Mo fi àkísà nù ún gbẹ. Ká ní mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí mo ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì léraléra, ǹ bá ti rí i bóyá ó máa padà wá. Wọ́n ti ń pe àwọn ọkọ̀ jáde. Ráṣídì ti dé akoto, ojú ẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

"Bàbá, ṣé ó ti dé?"

Mo ní, "Ó ti dé."

Ẹnu mi sọ ọ́ kí ọkàn mi tó fọwọ́ sí i.

Eré bẹ̀rẹ̀.  Bí ọkọ̀ Ráṣídì bá ti sún mọ́ kọ́nà, màá di ọwọ́ mi, bó bá yí i já, màá mí. Ó ń tẹ bíréèkì, bíréèkì sì ń mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé òjò ni, òjò lásán ni. Ó wá ku ìyípo mẹ́ta. Fẹ́mi wà níwájú, Ráṣídì wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, ó sún mọ́ ọn débi pé aṣọ ò lè gba àárín wọn. Alhaji ń pariwo sínú rédíò, "Ráṣídì, fà sẹ́yìn! Ráṣídì!" Kò dáhùn.

Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tó yí sọ́wọ́ òsì lójijì. Fẹ́mi wọ̀ ọ́. Ráṣídì gba ẹ̀gbẹ́ inú kọ́nà náà wọlé. Ọkọ̀ Fẹ́mi yí wá sí iwájú ẹ̀, ọkọ̀ Ráṣídì ò sì dẹwọ́ rárá. Ìró tí mo gbọ́, títí dòní, bí irin bá já lulẹ̀ láàárín ìgboro, mo máa ń jókòó. Ọkọ̀ Fẹ́mi fò, ó dojú dé, ó fi ẹ̀gbẹ́ lu òkìtì erùpẹ̀.

A sáré. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé irin kí wọ́n tó lè yọ Fẹ́mi, ó ń ké "Mummy, Mummy" bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ sì ti yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ráṣídì ti jáde nínú tiẹ̀, ó bọ́ akoto, ó rí mi.

"Bíréèkì kọ̀! Bàbá, bíréèkì kọ̀!"

Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ yí ojú sí mi.

Ká tó dé Àbújá, fídíò ti wà lórí gbogbo fóònù. Àwọn èèyàn ń wò ó ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, nínú bọ́ọ̀sì Karshi, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará Gwarinpa ní Ráṣídì mọ̀ọ́mọ̀ ni, ìlara ló pa á. Àwọn ará Jikwoyi ní Fẹ́mi ló dí i lọ́nà. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ bíréèkì gbọ́. Iná ẹ̀yìn tó máa ń tàn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tí ìbá jẹ́rìí, a ti yọ ọ́ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ilẹ̀ tútù, táyà ò fi ipa kankan sílẹ̀. Bàbá Fẹ́mi fi ẹjọ́ sùn, àwọn ọlọ́pàá mú Ráṣídì, wọ́n ní kó máa lọ sílé ná, kó sì máa wá fara hàn. Àwọn kan sọ òkò sójú fèrèsé ìyá ẹ̀. Àwọn tó ṣètò eré náà ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí.

Wọ́n gbé àwókù ọkọ̀ Ráṣídì wá sí ọgbà iṣẹ́ wa, wọ́n fi tapólì bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò lè ṣí i.  Mi ò lè jẹun. Ìyá Kúdí, ìyàwó mi, gbé àwo kúrò níwájú mi ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó jókòó.

"Kí lẹ ṣe tí ẹ ò sọ fún mi?"

Mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ohun tútù yẹn, tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹlòmíì. 

"Ẹ lọ ṣí i," ló wí. "Ohun tí ẹ ò tíì rí yìí ló ń pa yín. Èyí tí ẹ bá rí, a ó jọ gbé e."

Mo lọ. Mo ká tapólì náà, mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ irin wíwọ́ yẹn. Róbà apá òsì ti ya. Mo yọ ọ́, mo gbé e sójú oòrùn. Ẹnu ibi tó ya, apá kan dúdú bí èyí tó ti pẹ́, apá kejì mọ́ bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Mo yí i títí. Bóyá ó ti ya kí ọkọ̀ tó dé kọ́nà, bóyá ìkọlù ló já a, mi ò lè sọ. Ọdún tó lé ní ọgbọ̀n nídìí iṣẹ́, mo sì dúró bí ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n dì lójú.

Alhaji dé bá mi níbẹ̀. Ó rí róbà lọ́wọ́ mi, ó sì yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Kai. Bàbá Kúdí, ẹ gbé e jù sí ibi tẹ́nìkan ò ti ní rí i."

"Ráṣídì ńkọ́?"

"Ráṣídì ló wakọ̀. Bí ẹ bá gbé róbà yìí jáde, orí wa ló máa wó lé, èmi àti ẹ̀yin. Wọ́n á béèrè ìdí tí róbà tuntun fi wà lára ọkọ̀ kan, tí kò sí lára èkejì." Ojú ẹ̀ pupa. Ẹ̀rù ń bà á bó ṣe ń bà mí. "Ẹ rò ó o. Orúkọ yín ni."

Mo rò ó. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ku díẹ̀ kí n jù ú nù. Mo ti gbé e dé ẹnu ihò ṣáláńgá. Ojú ìyá Ráṣídì ni mo rí, bó ṣe ń gbá àfọ́kù gíláàsì mọ́ níwájú ilé ẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Mo fi róbà náà sápò.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, wọ́n ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fífi ọwọ́ òfin mú Ráṣídì ní tòótọ́, ni mo bá dìde.  Mo gbé róbà náà lé tábìlì. Mo sọ ohun tí mo fọwọ́ kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sọ pé mo nù ún, mo sọ pé mi ò dúró, mo sọ pé èmi ni mo ní ó ti dé.  Bàbá Fẹ́mi dìde, èèyàn gíga, ó wá síwájú mi.

"Ṣé ìwọ lo gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Sà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni."

Ó gbé ọwọ́ sókè, mo di ojú mi. Kò gbá mi. Nígbà tí mo lajú, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ẹ̀, ó ń sunkún.

Wọ́n dá Ráṣídì sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ ibi eré ìje kankan mọ́. Alhaji ta ohun tó kù. Wọ́n gba ẹsẹ̀ Fẹ́mi là, ṣùgbọ́n kò tún lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìsí ọ̀pá. Mo lọ kí i nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá ẹ̀ ò jẹ́ kí n wọlé, mi ò sì bá a wí.

Mo padà sídìí títún takisí ṣe ní Jikwoyi. Mo ń ṣe ẹ́ńjìnnì, mo ń ṣe gíà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fọwọ́ kan bíréèkì, mi ò ní lè sọ fún oníbàárà pé ó ti dé. Mo ń tọ́ka àwọn oníbàárà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà tó ṣe, mo kó àwọn sípánà mi sínú àpótí, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù tí Ọ̀gá mi ní kó má tán, tèmi ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè gbé lọ.

Ọdún méje kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, Ráṣídì dé. Ó ti ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ wíwà báyìí, ó ti bímọ. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde.

"Dìde, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wà nílẹ̀." Ó dojú bolẹ̀ ló ń sọ ọ́. "Ọjọ́ yẹn ní Kwali, mi ò tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi ò tilẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo rí àyè, mo ní n kò ní yà fún un. Nígbà tí mo jáde tí mo rí ẹsẹ̀ Fẹ́mi, ẹ̀rù bà mí, ọ̀rọ̀ bíréèkì ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà lẹ gbé róbà jáde. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo jókòó. Mo rò pé inú mi máa dùn, pé ẹrù á sọ̀ lórí mi. Òtútù ni mo gbọ́ lára. Ọdún méje ni mo fi ń jí láàárọ̀ tí mò ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lọ́kàn mi. Mo fẹ́ gbá a. Mo wo àárín orí ẹ̀, mo rí i pé ewú ti wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ sọ fún Fẹ́mi. Mi ò lè dá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ."

A lọ sí Gwarinpa lọ́jọ́ kejì. Fẹ́mi ló ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀, ọ̀pá wà lábẹ́ apá ẹ̀. Kò béèrè ohun tí a wá ṣe. Ó fún wa ní omi. Ráṣídì sọ gbogbo ẹ̀ láìgbé ojú sókè. Nígbà tó parí, Fẹ́mi gbé ọ̀pá ẹ̀ ti ògiri.

"Mo mọ̀," Fẹ́mi ní. "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo rí i nínú dígí pé ó ń bọ̀. Àyè wà, ó tó ọkọ̀ méjì. Èmi náà mọ̀ọ́mọ̀ dí i ni. Mo ní ẹ̀rù máa bà á."

"Ẹ̀rù bà mí," Ráṣídì wí. "Ìbínú ló borí ẹ̀."

Fẹ́mi yíjú sí mi. "Bàbá, róbà yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ya tẹ́lẹ̀?"

"Fẹ́mi, mi ò mọ̀. Mi ò ní mọ̀ láéláé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ní ó ti dé nígbà tí mi ò mọ̀ bóyá ó ti dé. Tèmi nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó mi orí pẹ́. Kò ní òun dárí jì wá, kò sì ní kí a jáde. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ èyí, bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí síbẹ̀, ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ kàn mọ̀ pé ọjọ́ kan lè wà tí ẹni mẹ́ta máa jókòó sínú yàrá kan, tí oníkálùkù á mú ìdá tiẹ̀ nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí a dìde, Fẹ́mi tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọkọ̀ Ráṣídì tó wà níta, ó wò mí, ó wá wo Ráṣídì lójú fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ta ló ń gbé Bàbá padà sílé?"

"Èmi ni."

"Rọra wà wọ́n o."

Ráṣídì ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Mo pa á dé, mo lọ ṣí ti iwájú, mo jókòó ti Ráṣídì. Ẹ̀rù bà mí láti Gwarinpa títí a fi dé Jikwoyi, ní gbogbo kọ́nà, ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti dúró. Ó rọra wà mí délé.